Ẹ̀yin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí US 50 ní Nevada

Ẹlẹ́sẹ̀Irin:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì mi lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì ń gùn ún dáadáa. Ní báyìí àwa mẹ́rin kan ti jọ fẹnu kò pé a máa gba US 50 kọjá ní Nevada, láti Fallon títí dé Baker lẹ́bàá ibodè Utah, ọ̀nà tí ìwé ìròyìn Life pè ní ọ̀nà tó dá wà jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986. Kò sí ẹni tí wọn ò gé nǹkan lára ẹ̀ nínú wa. Èmi àti ẹnì kan, abẹ́ orúnkún ni tiwa, ẹnì kẹta òkè orúnkún, ẹnì kẹrin ọwọ́ ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́.

Mo ti wo máàpù dáadáa. Fallon sí Austin tó 177 kìlómítà, Austin sí Eureka bíi 113, Eureka sí Ely bíi 124, Ely sí Baker bíi 100. Èrò wa ni pé ká sùn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin, tọjọ́ àkọ́kọ́ á kàn gùn díẹ̀.

Wàhálà mi rèé. Tí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin, òógùn á ti kún inú láínà (ìbọ̀ rọ́bà tí mo ń wọ̀ sórí kùkùté ẹsẹ̀), sọ́kẹ́ẹ̀tì (ife líle tí kùkùté ń wọ̀ sí) á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, eegun ojúgun níwájú á máa ha, ibi tí ojú ọjọ́ sì tutù nìyẹn o. Báwo ló ṣe máa rí nínú aṣálẹ̀? Àti pé ṣé kí n lo pẹ́dàlì tó ń há bàtà àbí pẹ́dàlì pẹrẹsẹ? Ṣé ó yẹ kí mọ́tò tẹ̀ lé wa, àbí ká dá ẹrù wa gbé? Àwọn méjì nínú wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gun irú ibẹ̀ rí, kó sọ tẹnu ẹ̀.

ÒkèLẹ́yìnÒkè:
Ẹ kú ìmúra. Mo ti gun ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé o, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan ni màá sọ. Ẹ má gbọ́ aṣálẹ̀ kẹ́ ẹ máa ro ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó ṣe rí níbẹ̀ ni pé àfonífojì ńlá kan, òkè, àfonífojì míì, òkè míì, bẹ́ẹ̀ títí dé Baker. Fallon fúnra ẹ̀ wà ní bíi 1,200 mítà sókè òkun, Austin, Eureka àti Ely wà ní nǹkan bíi 2,000 mítà. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Austin báyìí, òkè lẹ máa kọ́kọ́ gùn, Austin Summit, bíi 2,280 mítà. Láàárín Eureka àti Ely òkè mẹ́rin ló wà, èyí tó ga jù níbẹ̀ ni Robinson Summit, ó lé ní 2,300. Connors Pass lẹ́yìn Ely tún ga ju ìyẹn lọ díẹ̀. Èémí ò ní tó yín bó ṣe máa ń tó yín nísàlẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ara mọ̀ ọ́n.

Láàárín Austin àti Eureka kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí omi rà, láàárín Eureka àti Ely náà kò sí. Ibùdó àgọ́ kan wà ní Hickison tó ní àwọn àwòrán àtijọ́ lára òkúta, kò jìnnà púpọ̀ sí Austin, kò sómi níbẹ̀ náà. Fóònù ò ní gbé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfonífojì yẹn.

MàmáLáínà:
Àbúrò, ẹ káàbọ̀. Abẹ́ orúnkún ni tèmi náà, mo sì ti gun ilẹ̀ gbígbẹ olókè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ léraléra, nítorí náà ẹ jókòó kí n sọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe agbára itan tàbí èémí ló máa sọ iye kìlómítà tẹ́ ẹ máa gùn lóòjọ́. Awọ kùkùté ẹsẹ̀ yín ló máa sọ ọ́. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì tó bá rẹ̀ á sinmi mọ́jú, á tún gùn ún lọ́la. Ẹ̀yin, tí awọ bá ti bó lójúgun lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta ti bàjẹ́ nìyẹn, ọjọ́ kẹrin náà ti lọ, torí inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ máa tún ti egbò yẹn bọ̀. Nítorí náà ètò ìrìn-àjò yín, awọ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ má fi ìlú ṣe é.

Ẹ sọ pé wákàtí mẹ́rin ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ ń dúró de wákàtí mẹ́rin fún? Ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀, bó rẹ̀ yín bí ò rẹ̀ yín, ẹ dúró, ẹ bọ́ ẹsẹ̀, ẹ bọ́ láínà, ẹ da òógùn inú ẹ̀ nù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹsẹ̀ àti inú láínà, kí atẹ́gùn fẹ́ sí awọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ padà. Láínà sílíkónì kì í fa omi mu, òógùn tó bá jáde ò ríbi lọ, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, òun ló ń jẹ́ kó máa yọ̀. Ẹ gbé láínà méjì dání. Ọ̀kan lẹ́sẹ̀, èkejì nínú báàgì, ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má sá láínà sójú oòrùn o, inú àpò aṣọ oníhò ni kẹ́ ẹ gbé e sí níbi òjìji.

Ẹ tún máa rí i pé láàárọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì á fún, tó bá di ọ̀sán á ti fẹ̀. Kùkùté ẹsẹ̀ ló ń jò sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń kéré sí i, kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tóbi. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tínrín àti èyí tó nípọn dání, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dúró títí á fi máa gbá kiri nínú kẹ́ ẹ tó fi kún un. Ní aṣálẹ̀ ẹ tún wo nǹkan kan: tí omi bá gbẹ lára yín, ẹsẹ̀ yẹn á jò ju bó ṣe máa ń jò lọ. Tí mo bá rí i pé mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ kún ìbọ̀sẹ̀ láàárín àkókò kékeré, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń mu. Ara ò ní sọ fún yín, torí atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ débi pé òógùn ń gbẹ lára kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn.

Lálẹ́, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ afúnpọ̀ tí wọ́n máa ń fún èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ò bá sí yẹn ẹsẹ̀ á wú mọ́jú, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé láàárọ̀.

JíàKékeré:
Gbogbo ohun tí màmá sọ ló dáa. Lórí òógùn, ẹ lo àwọn ìpara abẹ́ abíyá tó ń dí òógùn, ẹ fi pa kùkùté láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ láínà. Ó ṣiṣẹ́ fún mi.

Lórí pẹ́dàlì: pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ẹsẹ̀ tí kò ní ọrùn ẹsẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ yí i kó já kúrò lára pẹ́dàlì tí kẹ̀kẹ́ bá ń ṣubú?

MàmáLáínà:
JíàKékeré, ẹ dákun, kì í ṣe àárọ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń fi ìpara yẹn pa á, sórí awọ tó gbẹ pátápátá, kẹ́ ẹ wá fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀. Òógùn ò sí lálẹ́, òun ló ń jẹ́ kó ráyè wọ inú ihò òógùn. Tẹ́ ẹ bá pa á láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì ti láínà bò ó, ó lè jó awọ. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìrìn-àjò, kì í ṣe ní Fallon. Ẹ má sì fá irun kùkùté ṣáájú ìrìn-àjò, irun tó ń hù padà nínú ooru ló máa ń di eéwo wẹ́wẹ́.

KílíìtìLábẹ́Àtẹ́lẹsẹ̀:
Mi ò gbà pẹ̀lú JíàKékeré lórí pẹ́dàlì. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ò mọ ibi tí pẹ́dàlì wà. Ẹsẹ̀ gidi máa ń mọ̀ tó bá ti ń yọ̀ kúrò, á gbá a padà, tàtọwọ́dá ò lè mọ̀ ọ́n, tó bá yọ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń dìde gun òkè, orí irin lẹ máa bá ara yín. Ọ̀nà tó ní pàlàpálá tún burú jù, gbogbo ìgbọ̀nrìrì kọ̀ọ̀kan ló ń sún un.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Mo há a, ṣùgbọ́n mo tú sípírìnì pẹ́dàlì yẹn débi tó rọ̀ jù lọ, mo sì lo kílíìtì (irin kékeré abẹ́ bàtà tó ń há mọ́ pẹ́dàlì) irú èyí tó ń já sí apá ibi gbogbo, títí kan tí wọ́n bá fà á sókè. Ẹsẹ̀ gidi ni mo máa ń yọ ní gbogbo ìgbà, òun ni mo fi ń tẹlẹ̀. Ti àtọwọ́dá, ìgbà tí mo bá ti dúró pátápátá ni mo tó ń yọ ọ́, láti ìbàdí. Ẹ wá wo ibi tí kílíìtì wà: ẹ má fi sí ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ níwájú bíi ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Kò sí iṣan ẹ̀yìn ojúgun tó máa ti iwájú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí náà ẹ fà á sẹ́yìn sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ń fi sábẹ́ gìgísẹ̀, ní tààrà lábẹ́ irin. Agbára itan á wá lọ sí pẹ́dàlì tààrà.

Apá pẹ́dàlì náà ńkọ́, ìyẹn irin gígùn tí pẹ́dàlì so mọ́? Tó bá jẹ́ 170 tàbí 175 milimítà, ẹ wá èyí tó kúrú, bíi 150, fún apá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Orúnkún ò ní ká púpọ̀, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì ní máa gún iṣan ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ sì ní kí ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ fún yín gé ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ díẹ̀ fún ti kẹ̀kẹ́.

JíàKékeré:
Mo gbọ́ ti alẹ́ yẹn, màmá, ẹ ṣeun. Ti pẹ́dàlì, mo ṣì dúró sórí pẹrẹsẹ fún ẹni tí kò tíì há bàtà rí. Aṣálẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ lè fi okùn tàbí mágínẹ́ẹ̀tì sí i, àwọn pẹ́dàlì onímágínẹ́ẹ̀tì wà tó ń di ẹsẹ̀ mú, tí wọ́n sì ń já wẹ́rẹ́.

LókèOrúnkún:
Mo rí i pé ẹnì kan nínú yín, òkè orúnkún ni tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un kó ka èyí.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan máa ń bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́, kùkùté á wà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e lé ife kan tí wọ́n so mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Kò sí láínà, kò sí òógùn, kò sí egbò. Àmọ́ orúnkún ẹsẹ̀ kan yẹn ló máa gbé gbogbo òkè Nevada, tí jíà ò bá sì lọ sílẹ̀ dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn kí wọ́n tó dé Eureka. Ìdí náà á máa wọ́ sí apá kan lórí ìjókòó, egbò ìjókòó á yọ ní apá ẹsẹ̀ tó wà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá bí wọ́n ṣe máa gbé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tàbí ọ̀pá ìtìlẹ́yìn dání, torí tí wọ́n bá dúró, wọn ò lè rìn.

Ọ̀nà kejì ni kó wọ̀ ọ́. Etí òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ̀tá níbẹ̀, ó máa ń wà láàárín eegun ìdí àti ìjókòó kẹ̀kẹ́, èèyàn á wá jókòó lé sọ́kẹ́ẹ̀tì dípò ìjókòó. Kó lọ gba sọ́kẹ́ẹ̀tì tí etí ẹ̀ lọ sílẹ̀. Orúnkún náà gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà. Tó bá jẹ́ orúnkún oníkọ̀ǹpútà, kó bi wọ́n bóyá ó ní ètò fún kẹ̀kẹ́, kó sì rántí pé ó ń fẹ́ iná, iná ò sì sí láàárín ìlú méjì níbẹ̀.

Èmi, kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì ni mo ń gùn báyìí, tí mo bá dúró lójú òkè mi ò ní ṣubú. Ó lọ́ra lórí òkè o, kí ẹ̀yin yòókù mọ̀ pé ẹ máa dúró dè é.

Nọ́ọ̀sìÒru:
Ẹ káàsán. Nọ́ọ̀sì ni mí, egbò ni mo máa ń tọ́jú. Mo fẹ́ fi nǹkan kan ti ọ̀rọ̀ MàmáLáínà lẹ́yìn, kí n sì tún ibì kan ṣe.

Ìmọ̀ràn yín ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ìjàǹbá gé ẹsẹ̀ ẹ̀, tí awọ ẹ̀ ṣì ń mọ ìrora. Ẹni tó jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa ló fa tiẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró de ìrora, torí ó lè má dé. Kó mú dígí kékeré dání, kó máa wo ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ kùkùté níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Kó sì rí dókítà ẹ̀ kó tó lọ, kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kó lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó: tẹ́ ẹ bá bọ́ ẹsẹ̀, ibi tó pọ́n á wà, ìyẹn ò burú. Tó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú tí pípọ́n yẹn ò tíì lọ, ọjọ́ yẹn ti parí fún ẹsẹ̀ yẹn. Tó bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ, ẹ má bó awọ ẹ̀. Tó bá gbóná, tó wú, tí ila pupa ń gòkè, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn nìyẹn, Fallon ní ọ̀kan, Ely ní ọ̀kan, ẹ wo bí àárín méjèèjì ṣe jìnnà tó kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ máa mú un mọ́ra.

Ara tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ náà ò ní awọ tó pọ̀ tó láti fi tu ooru dànù, láínà sì tún bo apá kan nínú èyí tó kù. Nítorí náà ooru á tètè mú yín ju àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí ara wọn pé lọ. Orí fífọ́, èébì, kí òógùn dáwọ́ dúró lójijì: ẹ wá òjìji, ẹ da omi sára.

ÒkèLẹ́yìnÒkè:
Lórí omi: lítà mẹ́rin lójúmọ́ ló tó mi. Ẹ má di ẹrù pa ara yín.

MàmáLáínà:
Kò lè tó wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ò dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ sáré gùn ún kọjá ni. Àwọn yìí, pẹ̀lú ìsinmi, Austin sí Eureka lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí oòrùn bá mú, lítà kan ní wákàtí kan kì í ṣe àṣejù, ẹ wá fi lítà kan kún un fún fífọ ẹsẹ̀ àti láínà. Omi lásán ni o. Bébà tútù olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń nu ọmọ, ọtí wà nínú òmíì, á ta yín lára, á sì gbẹ awọ.

ÒkèLẹ́yìnÒkè:
Òótọ́ lẹ sọ, mi ò ro ti ìsinmi mọ́ ọn. Ẹ gbé mẹ́sàn-án nígbà náà.

Ọwọ́Òsì:
Fún ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò sí: ẹ ní kí wọ́n so búrẹ́kì iwájú àti tẹ̀yìn mọ́ àtẹ̀ (irin tí ìka máa ń tẹ̀) kan ṣoṣo lápá òsì, àtẹ̀ tó ń fa wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà wà. Kí ó gba búrẹ́kì onídíísìkì, torí ìsọ̀kalẹ̀ Austin Summit àti Connors Pass gùn, ọwọ́ kan ló máa tẹ gbogbo ẹ̀. Jíà oníná tó ń lo bọ́tìnì dáa jù, gbogbo bọ́tìnì lè wà lápá kan.

Apá àtọwọ́dá tó fi ń di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gbọ́dọ̀ lè já fúnra ẹ̀ tó bá ṣubú, kó má so ó mọ́ ọn. Kó sì máa yí ìka òsì padà lóòrèkóòrè, àtẹ́lẹwọ́ kan ló ń gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e á kú tipiri kó tó dé ìlú. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, tééèpù ìlọ́po méjì lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bákan náà, ẹ bá a so ọ̀pá rọ́bà mọ́ báàgì omi tó ń gbé sẹ́yìn kó máa fẹnu fà á, torí kò lè fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú kó tún fi ọwọ́ kan náà mu omi.

Onímọ́tòẸ̀yìn:
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mọ́tò. Èmi ni mo máa ń wa mọ́tò tẹ̀ lé àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀. Mo mọ ìdí tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ò fi fẹ́ ẹ. Gbogbo ayé ló ti ń fẹ́ gbé wọn, wọ́n fẹ́ ohun kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bá bàjẹ́ lè ti kẹ̀kẹ́ rìn. Ẹni tí láínà ẹ̀ bá ya tàbí tí egbò bá bá lójú ọ̀nà Eureka sí Ely, báwo ló ṣe máa rìn? Mọ́tò ò ní láti wà lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kó lọ dúró ní ìlú tó kàn pẹ̀lú láínà kẹta, ọ̀pá ìtìlẹ́yìn àti oúnjẹ, kó má padà wá àfi tẹ́ ẹ bá pè é. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ lẹ máa fi pè é, fóònù ò ní gbé.

KílíìtìLábẹ́Àtẹ́lẹsẹ̀:
Mi ò lòdì sí mọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bíi pé kò ṣeé ṣe láìsí i. Emmanuel Ofosu Yeboah, ọmọ Gánà, fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gun kẹ̀kẹ́ la orílẹ̀-èdè ẹ̀ já, ó lé ní 600 kìlómítà, nígbà tí ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lára ẹ̀ tí kò wúlò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó gé e ní Kalifóníà, tó wá ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gùn. Challenged Athletes Foundation ní San Diego ló fún un ní kẹ̀kẹ́ tó kọ̀wé béèrè fún. Ẹ tiẹ̀ lè kọ̀wé sí wọn náà, wọ́n máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí owó ẹsẹ̀ eré ìdárayá, irú èyí tí ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ san.

Onímọ́tòẸ̀yìn:
Mo gbà, akínkanjú ni. Ṣùgbọ́n inú ìlú àti abúlé ló gbà kọjá, èèyàn wà lọ́nà. Láàárín Eureka àti Ely, ẹ lè gùn fún àkókò gígùn kẹ́ ẹ má rí ju tírélà kan lọ. Ìyẹn ni mo ń sọ.

ÒkèLẹ́yìnÒkè:
Ẹ tún fi ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ sọ́kàn. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru ńlá, àrá àti mànàmáná lọ́sàn-án lórí òkè. Oṣù kẹfà ìbẹ̀rẹ̀ tàbí oṣù kẹsàn-án ló dáa, àmọ́ òru á tutù, ní Ely omi lè dì nínú ìgò. Atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà láti Fallon lọ sí Baker á máa tì yín lẹ́yìn. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ọ̀sán ló máa ń le.

MàmáLáínà:
Òtútù yẹn! Ẹ gbé láínà wọ inú àpò ìsùn, ẹ jọ sùn. Láínà tó bá tutù sí ìta mọ́jú, tẹ́ ẹ bá fi sẹ́sẹ̀ láàárọ̀, àwọn míì nínú wa, ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n gidigidi.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. A ti pín in báyìí: Fallon sí Middlegate, bíi 75 kìlómítà, oúnjẹ àti ibùsùn wà níbẹ̀. Middlegate sí Austin. A sinmi lọ́jọ́ kan ní Austin. Austin sí Hickison, ká sùn sí àgọ́, Hickison sí Eureka. Eureka sí Ely la ò tíì mọ bá a ṣe máa pín in. A sinmi ní Ely, ká tó lọ sí Baker. Mọ́tò á máa dúró ní ìlú tó wà níwájú, àwọn méjì yẹn ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò sí ló kọ́kọ́ gbà. Oṣù kẹsàn-án la máa lọ. Mo máa há ẹsẹ̀, mo ti ń há a tẹ́lẹ̀, kílíìtì ni màá fà sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ló kù: ẹnì kan ní ká gba ọ̀nà 722 lẹ́yìn Middlegate, pé mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ó dáa?

ÒkèLẹ́yìnÒkè:
Ó lẹ́wà gan-an, ọ̀nà US 50 àtijọ́ ni, ó gba Carroll Summit kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkankan níbẹ̀, òkè ẹ̀ sì ga. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bọ́ ẹsẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, orí US 50 ni màá dúró sí. Bákan náà ẹ mú tíúbù púpọ̀ dání, ẹ̀gún kékeré kan wà létí ọ̀nà ibẹ̀ tó le bí ìṣó.

Onímọ́tòẸ̀yìn:
Eureka sí Ely, ẹ gùn ún dé ibi tí awọ bá gbà, ẹ fi àmì sí ojú ọ̀nà níbẹ̀, kí mọ́tò wá gbé yín lọ sùn ní Ely, kó gbé yín padà sí ojú àmì yẹn láàárọ̀. Kò sí kìlómítà kan tó máa sọnù.

Ẹlẹ́sẹ̀Irin:
Hà, ìyẹn dáa! Bá a ṣe máa ṣe é nìyẹn.

KílíìtìLábẹ́Àtẹ́lẹsẹ̀:
Kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé: ẹ wo àwọn síkúrù kékeré tó di ẹsẹ̀ mú lókè àti nísàlẹ̀ irin. Kọ́kọ́rọ́ 4 mm ló sábà máa ń wọ̀ wọ́n, ó ti wà nínú irinṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yín. Ìgbọ̀nrìrì lè tú wọn. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ fún yín fún wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí síkúrù sórí irin, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ ẹ wo ìlà yẹn. Tó bá ti yẹ̀, ẹ kàn yí síkúrù yẹn padà sójú ìlà, ẹ má fọwọ́ kan àwọn yòókù, torí àwọn ló ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe dúró.

LókèOrúnkún:
Kí ti òkè orúnkún náà fa ìlà sí ti orúnkún o, kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan.